Dígí Inú Fóònù àti Okùn Ìwọ̀n Aránṣọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Ríra Aṣọ Ìlúwẹ̀ẹ́ Láti Ọ̀nà Jíjìn

Bí ọdún iṣu bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, ìlú Savalou a bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ni ọdún náà, àwọn ọmọ ìlú tí ń gbé ní Kútọnu, ní Àbíjàn àti ní Párísì a sì máa darí wálé, yálà ọmọ Mahi ni wọ́n, tàbí ọmọ Ìṣà, tàbí ọmọ Ifẹ̀. Àkókò yìí ni ọwọ́ àwọn aránṣọ máa ń dí jù lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, a lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ kan, nítorí a fẹ́ kọ̀wé nípa aṣọ ọdún. Ohun tí ojú wa rí níbẹ̀ ni ó darí gègé wa sí ibòmíràn.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó ti Bantè wá wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá náà, ó tú ọ̀rá kan, ó sì fa aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ aláwọ̀ búlúù kan yọ, irú èyí tí àwọn ará Faransé ń pè ní maillot, tí ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń pè ní máyò. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ṣètò pé bí ọdún bá ti parí, àwọn yóò sọ̀kalẹ̀ lọ sí Kútọnu láti lọ gbafẹ́ létí òkun. Ó rí máyò náà lórí fóònù rẹ̀. Ẹni tí ń tà á ní kí ó fi fọ́tò ara rẹ̀ ránṣẹ́, kí ó lè rí bí aṣọ náà yóò ṣe rí lára rẹ̀ kí ó tó sanwó. Ó fi í ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí àwòrán mìíràn fi padà dé. Òun fúnra rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, ojú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, irun rẹ̀. Máyò náà sì wà lára rẹ̀ bí ẹni pé ara rẹ̀ ni wọ́n gé e lé. Ó fi fóònù san 12,000 fáránkì. Nígbà tí aṣọ dé pẹ̀lú ọkọ̀ láti Kútọnu, kò kọjá ìdí rẹ̀. Ó fi agbára fà á, okùn èjìká kan sì já.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fẹ̀ ẹ́ díẹ̀.”

Ìyá aránṣọ na aṣọ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó yí inú rẹ̀ síta, ó wo ojú ìrán rẹ̀. “Ọmọ mi, wọn kò fi aṣọ kankan sílẹ̀ nínú ojú ìrán tí a lè tú. Kò ṣeé fẹ̀.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì tún béèrè pé: “Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sí wọn ńkọ́? Ọwọ́ ta ni ó wà báyìí?”

Ọmọ náà kò lè fèsì. Fọ́tò náà kì í ṣe èyí tí ó ti wọ ìró àti bùbá. Òǹtajà ti sọ fún un pé kí ó wọ aṣọ pẹ́npẹ́ tí ó fún mọ́ ara, kí àwòrán lè jáde dáadáa.

Nǹkan méjì ni ọ̀dọ́mọbìnrin yìí gbé wọ inú ṣọ́ọ̀bù náà: owó tí ó ti lọ, àti àwòrán tí ó ti lọ. Owó ni ó ń dùn ún ní ọjọ́ náà. Lójú tiwa, àwòrán ni ó wúwo jù. Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí àwòrán, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdí tí aṣọ tí ó bá ara mu lójú fóònù fi kọ̀ láti bá a mu nínú yàrá.

Kí ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe gan-an?

Wíwọ aṣọ wò kí a tó rà á kì í ṣe nǹkan titun. Ní ọjà Glazoué tàbí ní ọjà Savalou, ẹni tí ó ń ra àlòkù aṣọ a gbé e lé àyà, a gbé e lé ìbàdí, a sì bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè bóyá ó yẹ òun. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fẹ́ gbé wọ inú fóònù. Èdè Faransé ń pè é ní essayage virtuel. Àwa lè pè é ní wíwọ aṣọ wò lójú ẹ̀rọ.

Oríṣi mẹ́ta ni. Èkíní a máa lo kámẹ́rà: bí o bá gbé fóònù sókè bíi dígí, ẹ̀rọ a lẹ àwòrán aṣọ tàbí ti awò ojú mọ́ ọ lára, bí o bá sì yí ara, òun náà a bá ọ yí. Èkejì a máa gba fọ́tò rẹ àti fọ́tò aṣọ, ọgbọ́n àtọwọ́dá a sì fi méjèèjì ya àwòrán titun kan ṣoṣo. Èyí ni wọ́n lò fún ọ̀dọ́mọbìnrin Bantè. Ẹ̀kẹta kò bá ẹwà ṣe. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti wọn ara. Ní ilẹ̀ Japan, ní ọdún 2018, àwọn tí ó ni ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì Zozotown pín aṣọ dúdú kan tí àmì funfun kún ara rẹ̀ fún àwọn oníbàárà wọn. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ a rọra yí po níwájú fóònù, fóònù a sì fi àwọn àmì náà ṣírò ìwọ̀n ara rẹ̀.

Oríṣi kejì ni ó ń tàn kálẹ̀ lónìí. Ní ọdún 2021, Walmart, ilé ìtajà ńlá ti Amẹ́ríkà, ra Zeekit, ilé-iṣẹ́ Ísírẹ́lì kan tí iṣẹ́ yìí yé dáadáa; ní ọdún 2022 ó fún àwọn oníbàárà láyè láti lo fọ́tò ara wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Google bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú aṣọ òkè àwọn obìnrin. Nígbà náà kì í ṣe fọ́tò oníbàárà ni wọ́n ń lò. Wọ́n kó fọ́tò àwọn ènìyàn tí ìwọ̀n wọn bẹ̀rẹ̀ láti XXS títí dé 4XL jọ, oníbàárà a sì yan ẹni tí ó jọ ọ́ jù lọ nínú wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni Google kéde pé ará Amẹ́ríkà lè fi fọ́tò ti ara rẹ̀ wọ aṣọ wò. Lónìí, irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí oníṣòwò kékeré tí kò ní ju fóònù kan lọ fi lè lò ó láti polówó ọjà rẹ̀.

Ìrísí kì í ṣe ìbámu

A kò ní bú ẹ̀rọ tí ó wúlò. Ẹni tí ń gbé ní Pira tàbí ní Tchetti kò ní ṣọ́ọ̀bù máyò nítòsí tí ó lè wọ̀ lọ. Bí fóònù bá lè fi hàn án bóyá àwọ̀ ìyeyè yẹ ara dúdú rẹ̀, bóyá ọrùn aṣọ ṣí jù fún ìtẹ́lọ́rùn rẹ̀, bóyá ó wu òun kí ẹ̀yìn òun hàn tàbí kí ó má hàn, nǹkan gidi ni ó ṣe fún un. Àwọn mìíràn wà tí ojú ń tì láti wọ máyò wò níbi tí ènìyàn wà. Yàrá wọn ni ibi ìtura wọn.

Ṣùgbọ́n ìrísí ni ẹ̀rọ yìí ń fi hàn, kì í ṣe ìbámu. Nígbà tí ọgbọ́n àtọwọ́dá bá ń ya àwòrán náà, kò gbé aṣọ gidi lé ara gidi. Ó ti wo ọ̀kẹ́ àìmọye fọ́tò láti fi mọ bí aṣọ ṣe máa ń rí lára ènìyàn, ó sì ń ya èyí tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ wọ̀nyí, yálà máyò nọ́ńbà 36 ni òǹtajà ní nílé tàbí nọ́ńbà 46, àwòrán kan náà ni yóò jáde, nítorí ẹ̀rọ kò mọ ìwọ̀n aṣọ, kò sì mọ ìwọ̀n ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti ṣe ni kí àwòrán rẹ̀ dára lójú. Àwọn baba wa ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ̀rọ yìí ń ya ìtẹ́ tí ó lẹ́wà láìtíì wọn eku.

Ohun kan tún wà tí ó kan àwa aláwọ̀ dúdú. Ohun tí a fi kọ́ ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ mọ̀. Ní ọdún 2018, Joy Buolamwini, onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Gánà, àti Timnit Gebru, ọmọ Etiópíà, dán àwọn ẹ̀rọ kan wò, ẹ̀rọ tí ń wo ojú ènìyàn láti sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Fún àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe kò ju 0.8 nínú 100 lọ. Fún àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, àṣìṣe dé 34.7 nínú 100 lára ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà. Iṣẹ́ ẹ̀rọ wọ̀nyẹn yàtọ̀ sí ti wíwọ aṣọ wò, àwọn ilé-iṣẹ́ sì ti ń sapá láti ìgbà náà. Google, fún àpẹẹrẹ, sọ pé òun fi òṣùwọ̀n àwọ̀ mẹ́wàá ti ọ̀mọ̀wé Ellis Monk yan àwọn ènìyàn inú fọ́tò òun. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ náà kò yí padà: bí fóònù bá sọ àwọ̀ rẹ di fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, tàbí tí ó dín ìdí àti itan rẹ kù, má ṣe rò pé ara rẹ ni ó ní àbùkù. Ẹ̀rọ ni kò mọ irú rẹ dáadáa.

Omi ni adájọ́ máyò

Nínú gbogbo aṣọ tí ènìyàn lè rà láti ọ̀nà jíjìn, máyò ni ó ṣòro jù. Bùbá a máa gba ara tí ó sanra díẹ̀, a sì máa gba ara tí ó rù díẹ̀. Ìró a máa yí ènìyàn ká bí ó bá ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n máyò gbọ́dọ̀ di ara mú láìfún un pa, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó gbẹ àti nígbà tí ó tutù.

Ìtàn rẹ̀ kò pẹ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1946, Louis Réard, ará Faransé, fi bikini hàn fún ìgbà àkọ́kọ́ níbi omi ìlúwẹ̀ẹ́ Molitor ní Párísì. Erékùṣù Bikini nínú òkun Pàsífíìkì, níbi tí Amẹ́ríkà ti ń dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní oṣù yẹn gan-an, ni ó fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní ọdún 1958, Joseph Shivers, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà, rí fọ́nrán òwú kan tí ń nà bíi rọ́bà tí ó sì ń padà sípò; Lycra ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ tí ó wà lára ọ̀pọ̀ máyò títí di òní. Ní ọdún 2004, Aheda Zanetti, obìnrin Mùsùlùmí kan ní Ọsirélíà, ṣe burkini, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tí ó bo gbogbo ara àyàfi ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀. A mẹ́nu ba èyí nítorí pé ní Bantè àti Savalou, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ jọ ń gbé nínú agboolé kan náà. Bí ara yóò ṣe hàn tó jẹ́ ọ̀rọ̀ láàárín ènìyàn àti ẹ̀rí ọkàn rẹ̀. Kò sí ìdí tí ẹ̀rọ tàbí òǹtajà yóò fi yàn án fún un.

Kí ni omi ń ṣe sí máyò? Bí aṣọ funfun tàbí aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kò bá ní aṣọ inú, yóò hàn gbangba nígbà tí ó bá tutù. Bí ó bá tóbi díẹ̀, omi yóò kún inú rẹ̀, yóò sì fà á wálẹ̀. Bí rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá lágbára, ìgbì kan péré ti tó láti dójú ti ènìyàn. Oògùn kilorínì tí wọ́n ń dà sí omi ìlúwẹ̀ẹ́ àwọn òtẹ́ẹ̀lì a máa jẹ fọ́nrán tí ń nà náà díẹ̀díẹ̀, títí aṣọ yóò fi dẹ̀. Àwòrán orí fóònù gbẹ ní gbogbo ìgbà; kò lè sọ ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tún wà, èyí tí ó ju ẹwà lọ. Òkun Kútọnu lágbára, ìṣàn rẹ̀ a sì máa fa ènìyàn kúrò létí omi. Máyò aláwọ̀ búlúù, bí irú èyí tí ọ̀dọ́mọbìnrin wa rà, a máa fara pamọ́ sínú omi. Àwọ̀ ọsàn tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú a tètè hàn sí ẹni tí ń ṣọ́ni létí òkun. Ẹ̀yin òbí tí ń ra máyò fún ọmọdé, ẹ rántí èyí ṣáájú ohun gbogbo.

Kọ́ ìwọ̀n ara rẹ

Ríra aṣọ láti ọ̀nà jíjìn kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bá wà ní Àbíjàn tí ẹbí sì ń dá aṣọ kan náà fún ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó, a máa fi ìwọ̀n ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí aránṣọ nílé. Bí kò bá sì mọ ìwọ̀n rẹ̀, a fi aṣọ kan tí ó bá a mu dáadáa ránṣẹ́, aránṣọ a tẹ́ ẹ sílẹ̀, a sì gé titun lé e lórí. Ọgbọ́n yìí kan náà ni a nílò níwájú fóònù.

Ìyá aránṣọ wa mú okùn ìwọ̀n rẹ̀, ó sì ní kí ọ̀dọ́mọbìnrin náà dìde. Ó wọ̀n ọ́n níbi mẹ́rin, ó sì jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn òǹkàwé wa:

Èkíní, àyà, níbi tí ó ti yọ jù lọ, kí okùn má ṣe fún, kí ó má sì dẹ̀. Èkejì, ìbàdí, níbi tí ara ti tẹ̀ wọlé jù lọ lókè ìdodo. Ẹ̀kẹta, ìdí, níbi tí ó ti fẹ̀ jù lọ, kí ẹsẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, òun sì ni ó ń ba máyò alódindi jẹ́: láti orí èjìká kan, gba iwájú, kọjá láàárín itan méjèèjì, gba ẹ̀yìn, kí okùn padà sí orí èjìká náà. Ènìyàn méjì lè ní àyà àti ìdí kan náà kí ọ̀kan sì ga ju èkejì lọ. Ẹni tí ó ga ni okùn èjìká máyò yóò gé lára, òun ni okùn rẹ̀ yóò sì já. Ibẹ̀ ni ìyá náà ti rẹ́rìn-ín díẹ̀: ọ̀dọ́mọbìnrin wa ga.

Sẹ̀ǹtímítà ni kí a fi kọ ìwọ̀n wọ̀nyí sílẹ̀. Má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà tí ó wà lára aṣọ, nítorí nọ́ńbà a máa yí padà láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Nọ́ńbà 40 ti Faransé ni wọ́n ń pè ní 38 ní Jámánì, 44 ní Ítálì, 12 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti 8 ní Amẹ́ríkà. Ara kan náà ni, orúkọ márùn-ún. Ní ti S, M àti L, oníkálukú ilé-iṣẹ́ ni ó ń túmọ̀ wọn bí ó bá ṣe wù ú. M ti ilé-iṣẹ́ kan lè kéré ju S ti òmíràn lọ. Nítorí náà, béèrè ìwọ̀n aṣọ náà gan-an ní sẹ̀ǹtímítà. Òǹtajà tí ó ní aṣọ lọ́wọ́ lè tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ó sì wọ̀n ọ́n láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí kò lè ṣe é, ó ṣeé ṣe kí aṣọ náà má tíì sí lọ́wọ́ rẹ̀ rárá.

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò dá aṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ ni a ń wò. Wo ọrùn òǹtajà kí o tó sanwó. Ṣé ó ní fọ́tò aṣọ náà gan-an, tí kì í ṣe àwòrán tí ẹ̀rọ yà? Ṣé ó kọ irú aṣọ tí ó jẹ́ àti iye fọ́nrán nínà tí ó wà nínú rẹ̀? Ṣé ó gbà kí o dá aṣọ padà, owó ọkọ̀ ta ni yóò sì jẹ́? Láti Kútọnu dé Savalou ju 200 kìlómítà lọ. Owó tí yóò gbé aṣọ lọ tí yóò sì gbé e bọ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó aṣọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ará wa ní Faransé, òfin fún yín ní ọjọ́ 14 láti dá ohun tí ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì padà; ṣùgbọ́n ọjà tí wọ́n fi èdìdì dì nítorí ìmọ́tótó kò ṣeé dá padà mọ́ bí a bá ti já èdìdì náà. Nítorí náà ẹ wọ máyò wò lórí aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀, kí ẹ má sì já ohunkóhun títí yóò fi dá yín lójú.

Ṣé aránṣọ tiwa lè rán máyò? A béèrè, ìyá náà sì fèsì láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Aṣọ tí ń nà kò fẹ́ ìrán gbọọrọ, nítorí bí aṣọ bá nà, òwú yóò já. Ìrán wọ́kuwọ̀ku ni ó nílò, abẹ́rẹ́ olórí róbótó tí kì í gún fọ́nrán já, àti rọ́bà tí ó lè fara da omi. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ tí ń rán wọ́kuwọ̀ku lè kọ́ ọ. Iṣẹ́ ni fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wa tí ń wá ohun titun láti fi ta yọ.

Fọ́tò rẹ ńkọ́?

A padà dé orí ìbéèrè tí ìyá aránṣọ béèrè. Owó tí ó bá bọ́ lè padà wá. Ẹni tí ó pàdánù 12,000 fáránkì lónìí lè rí i lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹyin ni àwòrán; bí ó bá bọ́ lọ́wọ́, kì í ṣeé kó jọ mọ́. Ẹni tí ó ní fọ́tò rẹ nínú aṣọ pẹ́npẹ́ lè tà á, ó lè fi polówó ọjà láìgba àṣẹ, ó lè fi ẹ̀rọ kan náà bọ́ aṣọ lára rẹ nínú àwòrán, kí ó sì fi í halẹ̀ mọ́ ọ pé kí o sanwó. Ẹ̀rọ tí ń fi aṣọ wọ ènìyàn nínú fọ́tò àti èyí tí ń bọ́ ọ kúrò, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Òfin kò dákẹ́ lórí èyí. Ní Benin, òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, èyí tí a mọ̀ sí Code du numérique, ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, fọ́tò sì wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó gba fọ́tò rẹ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí yóò fi í ṣe. O ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ó ní nípa rẹ, àti láti ní kí ó pa á rẹ́. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí ni Autorité de Protection des Données à caractère Personnel, tí a gé kúrú sí APDP, ní Kútọnu; ènìyàn lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá wọn. Fún àwọn ará wa ní Yúróòpù, òfin RGPD ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2018.

Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé, ọgbọ́n ti yẹ kí ó dé. Bí ibi ìtajà bá fún ọ láyè láti yan ènìyàn mìíràn tí ara rẹ̀ jọ tìrẹ, yan ìyẹn, má ṣe lo fọ́tò rẹ. Bí ó bá di dandan kí o lo tìrẹ, bo ojú rẹ tàbí gé e kúrò. Máyò kò nílò ojú. Wọ aṣọ tí o lè wọ̀ lọ sí ọjà. Òǹtajà tí ó bá ní kí o bọ́ aṣọ sílẹ̀ tàbí kí o wọ pẹ́npẹ́ ti fi ara rẹ̀ hàn. Má ṣe fi fọ́tò rẹ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà fóònù ẹnìkan tí o kò mọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò tíì pé ọdún 18, ẹ má ṣe fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ rárá, ẹni yòówù kí ó béèrè. Ẹ̀yin ọmọkùnrin, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan ni èyí. Wọ́n ń fi àwòrán halẹ̀ mọ́ ọkùnrin pẹ̀lú.

Ẹ̀yin òbí, a bẹ̀ yín. Bí ọmọ bá wá sọ fún yín pé ẹnìkan ní àwòrán òun lọ́wọ́, ẹ má ṣe fi igbe pàdé rẹ̀. Ọmọ tí ó mọ̀ pé ẹ̀gàn ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ nílé yóò dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì ni oníjìbìtì fẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé

Kí ọ̀dọ́mọbìnrin Bantè tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó ṣe nǹkan mẹ́ta. Ó kọ ìwọ̀n ara rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú fóònù rẹ̀. Ó bá ìyá aránṣọ sọ ọ́ pé kí ó bá òun rán ṣòkòtò pénpé àti àwọ̀lékè tí òun lè wọ̀ létí òkun, tí kì yóò gba owó púpọ̀. Lẹ́yìn náà ó kọ̀wé sí òǹtajà, ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ó pa fọ́tò òun àti àwòrán tí ó fi ṣe rẹ́, kí ó sì fèsì pé òun ti ṣe bẹ́ẹ̀. A bá a wo ọ̀rọ̀ náà kí ó tó fi í ránṣẹ́, ó sì tọ́jú ẹ̀dà kan, nítorí ẹ̀rí ni bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú APDP.

Ọdún iṣu ti dé, ó sì ti lọ. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí Kútọnu, wọ́n sì padà wálé láyọ̀. Aṣọ tí ìyá náà rán bá a mu, nítorí ara rẹ̀ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ní ti fọ́tò, títí di ìgbà tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, òǹtajà kò tíì fèsì.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sá fún fóònù. Ẹ jẹ́ kí ó fi àwọ̀ hàn yín, kí ó fi àrà hàn yín. Kí okùn aránṣọ sọ ìwọ̀n fún yín. Kí àwòrán ara yín sì wà lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ni ín.